Ẹ Ka Nọ́ńbà Ara Táyà Kí Béèlì Tó Wọ Bọ́ọ̀sì: Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́jà Aswani Mọ̀ Nípa Táyà

Ẹni tó bá ti ná ọjà Aswani rí mọ bí ọjọ́ Túsìdeè ṣe máa ń rí. Láti ìdájí ni bọ́ọ̀sì ti ń já àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ màrosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, irú bọ́ọ̀sì kan náà ló máa kó wọn padà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, tòun ti ẹrù ni. Aṣọ òkìríkà tí wọ́n dì ní béèlì, bàtà, báàgì, kọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa tì sábẹ́ ìjókòó, wọ́n á kó sẹ́yìn, wọ́n á tún dè é mórí ọkọ̀. Àwọn tó ń lọ sí Agége wà níbẹ̀, àwọn tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn náà wà níbẹ̀.

A máa ń ná owó ọkọ̀ dáadáa. A máa ń wo ojú dẹ́rẹ́bà bóyá ó ti mu nǹkan síkùn, a sì máa ń bá kọ̀ńdọ́ fa wàhálà nítorí ṣéńjì. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ wo táyà kó tó wọlé? Bẹ́ẹ̀, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló gbé bọ́ọ̀sì, dẹ́rẹ́bà, kọ̀ńdọ́, Alájá, béèlì àti ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ kà lónìí. Kò le rárá, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a ti gbà gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kì í ṣe òótọ́.

Atẹ́gùn ló ń gbé mọ́tò

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé rọ́bà ló ń gbé mọ́tò. Kì í ṣe rọ́bà o, atẹ́gùn inú rẹ̀ ni. Rọ́bà àti wáyà tó wà nínú táyà kàn ń di atẹ́gùn yẹn mú ni, bí àpò ṣe ń di gàrí mú. Tí atẹ́gùn bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, á tún tẹ̀, bó ṣe ń yí. Ẹ mú wáyà tín-ínrín kan, kí ẹ máa ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹẹ̀wàá, kí ẹ wá fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. Ẹ máa rí i pé ó ti gbóná. Tí ẹ bá ń ṣe é lọ, ó máa kán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó nìyẹn. Táyà bọ́ọ̀sì máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 500 láàárín kìlómítà kan. Tí bọ́ọ̀sì bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń yí tó ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ooru yẹn ni olórí ọ̀tá táyà. Tó bá pọ̀ jù, ohun tó lẹ rọ́bà mọ́ wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀ á ṣí kúrò lára ìyókù, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya. Ìgbà náà ni ẹ máa gbọ́ “gbòà!”. Ìdí nìyẹn tí táyà kan náà fi lè gbé yín kiri Ìsọlọ̀ láti Mọ́ńdè títí di Fráídè láìsí wàhálà, kó wá bẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó n'Íbàdàn. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Òṣòdì, táyà ò ráyè gbóná. Orí eré ló ti ń gbóná.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ dánfó nìkan. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 2016, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, James Ocholi, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì bá a lọ. Ohun tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ lẹ́yìn ìwádìí wọn ni pé táyà ẹ̀yìn ló bẹ́, àti pé eré tí wọ́n ń sá ti pọ̀ jù.

Táyà tó dàgbà ju ọmọ ọdún 18 lọ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú ọba díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2012, bọ́ọ̀sì ńlá kan ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àríyá orin kan tí wọ́n ń pè ní Bestival ní Isle of Wight, Liverpool ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà A3 ní Surrey, táyà iwájú bẹ́, bọ́ọ̀sì yà kúrò lójú títì, ó sì lọ forí sọ igi. Èèyàn 3 ló kú, dẹ́rẹ́bà wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wo táyà tó bẹ́ náà, wọ́n rí i pé ó ti lé ní ọdún 19. Ọmọ ọdún 18 ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kú. Táyà tó pa á ti wà láyé kí wọ́n tó bí i.

Ohun tó wá dun àwọn èèyàn jù ni pé kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Ìlà ojú táyà yẹn ṣì jinlẹ̀ tó bí òfin ṣe fẹ́, òfin ò sì sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ orí. Ìyá ọmọ náà kò jókòó sílé máa sunkún lásán o. Ọdún bíi mélòó kan ló fi ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, títí ìjọba fi gbà. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2021, òfin ti de táyà tó bá ti ju ọdún 10 lọ ní iwájú lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti lára gbogbo ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì kékeré tó jẹ́ pé táyà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fíìmù Fast and Furious náà ẹ rántí Paul Walker tó kú ní ìparí oṣù Kọkànlá, ọdún 2013. Eré ló pa á, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé táyà mọ́tò olówó gọbọi yẹn ti ju ọdún 9 lọ, ó sì wà lára ohun tó fà á. Mọ́tò olówó ńlá, táyà arúgbó.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀-ilé ti wọlé. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti ìlú ọba mọ ohun tí mò ń sọ: mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì máa ń gbé kiri lásìkò ọlidé. Irú mọ́tò yìí ní ìṣòro méjì. Àkọ́kọ́, ẹrù ò kúrò nínú ẹ̀ rí, tẹ̀mítẹ̀mí ló wúwo lójoojúmọ́. Ìkejì, ó lè dúró sójú kan fún oṣù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án nínú ọdún, kò lọ síbì kan. Ojú táyà rẹ̀ ò ní jẹ, ìlà rẹ̀ á jinlẹ̀ bíi tuntun, ṣùgbọ́n oòrùn àti atẹ́gùn ti ń jẹ rọ́bà náà látinú wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀-ilé kì í fi bi ara wọn pé “ṣé ojú táyà ṣì dára?” Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé “ọdún mélòó ni?”

Àwa níbí ńkọ́? Bá a bá dé ìdí táyà tòkunbọ̀, ìlà ojú rẹ̀ la máa ń wò, a ó fi èékánná tọ́ ọ wò, a ó ní “háà, èyí ṣì dáa gan-an.” Ẹ ronú sí i. Kí ló dé tí òyìnbó fi bọ́ táyà tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ rárá sọnù?

Bí ẹ ṣe lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ DOT sí, lẹ́tà àti nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ wò, ó sábà máa ń wà nínú àmì róbótó kan tó dà bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 3522, ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é, ìyẹn ìparí oṣù Kẹjọ. Tí ẹ bá rí 0814, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2014 ni. Ẹ má rò pé 0814 jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ o, mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀gá mọ́tò ń kà á bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ẹ kúrò nídìí ẹ̀ kíákíá, torí kí ó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí máa ń wà lára ọ̀pọ̀ táyà. Tí ẹ ò bá rí i níta, ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sábẹ́ mọ́tò. Nídìí ọjà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yí i padà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ha ibẹ̀ dànù, ìdáhùn yín ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

FRSC ti ń pariwo ọdún 4 fún wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà ni wọ́n sì fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Àwọn iléeṣẹ́ táyà lókè òkun máa ń sọ pé lẹ́yìn ọdún 5, kí ẹ máa gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kó má sì kọjá 10. Àwọn kan máa ń fi èyí bá FRSC jiyàn. Tèmi ni pé oòrùn Èkó kì í ṣe ti Liverpool, kòtò ojú ọ̀nà wa kì í ṣe tiwọn, ẹrù tí à ń gbé kì í sì í ṣe tiwọn. Ẹni tó bá lè mú ti ọdún 4, kó mú un. Ẹni tí owó ò bá tó, kó má ṣe jẹ́ kí tirẹ̀ kọjá 6, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má gba ọdún 9 tàbí 10 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dín owó ẹ̀ kù tó.

Ojú lásán náà lè rí nǹkan kan. Táyà tó ti gbó máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ amọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, pàápàá ní tòsí ríìmù àti nínú ìlà ojú rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọlọ́jà gbọ́n, wọ́n máa ń fi nǹkan dúdú kan pa á títí á fi máa dán. Ẹ fi aṣọ nù ún kí ẹ tó wò ó.

Ládípọ̀ ò jìnnà

Láti Aswani dé Ládípọ̀ kò tó nǹkan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ná ọjà yìí ti ń ra ohun èlò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé táyà tòkunbọ̀ wà lára ọjà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó wọ Nàìjíríà. Ó wà nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè dúdú lórí funfun. Àwọn táyà lọ́rì ńlá kan tí wọ́n fẹ́ tún ojú wọn ṣe nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Mi ò ní jókòó síbí máa bú ẹni tó ń rà á. A ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí nígbà kan. Dunlop wà ní Ìkẹjà, Michelin wà ní Port Harcourt. Michelin kógbá wọlé lọ́dún 2007, kò sì pẹ́ sígbà náà tí Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni gbogbo táyà wa ti ń wá, bí owó dọ́là ṣe ń lọ sókè ni owó táyà ń lọ sókè. Dẹ́rẹ́bà tó gbọ́dọ̀ kó owó fún ọ̀gá ẹ̀ lálẹ́, tó tún ń sanwó fún ọmọ gáréèjì, ẹ má retí pé á fowó ra tuntun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó yẹ kó mọ̀ ni èyí tó burú jù nínú àwọn tó ń ra.

Ọ̀kan ni táyà tí wọ́n kó sínú táyà. Àjọ SON, àwọn tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti mú irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí kọ̀ǹténà lè gba púpọ̀, àwọn tó ń kó o wọlé á tẹ táyà kékeré, wọ́n á tì í sínú ńlá, wọ́n á tún ti òmíràn sínú ìyẹn. Ó lè jẹ́ tuntun látilẹ̀ o, ṣùgbọ́n oṣù tó lò lórí omi ní títẹ̀ ti ba wáyà inú rẹ̀ jẹ́. Tí ẹnu táyà tó yẹ kó jókòó sára ríìmù bá rí wọ́gọwọ̀gọ, tí kò rí róbótó, ẹ fi sílẹ̀.

Èkejì ni táyà òtútù. Ní Jámánì àti àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n ní táyà méjì: ti ìgbà ooru àti ti ìgbà òtútù. Rọ́bà ti òtútù rọ̀, wọ́n ṣe é fún ojú ọjọ́ tó bá ti tutù dé ìwọ̀n 7 sẹ́ńtígíréèdì sísàlẹ̀. Ẹ máa rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta pẹ̀lú ìràwọ̀ yìnyín nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìlà ojú ẹ̀ máa ń jinlẹ̀, ó sì máa ń wu èèyàn. Ṣùgbọ́n ṣé yìnyín ń bọ́ ní Ìsọlọ̀ ni? Lórí kọnkéré tí oòrùn ọ̀sán ti yan, rọ́bà rírọ̀ yẹn á jẹ kíákíá, mọ́tò ò sì ní dúró dáadáa tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ìkẹta, èyí tó kan ọlọ́jà Aswani jù, ni táyà mọ́tò kékeré lára bọ́ọ̀sì akẹ́rù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ bí táyà ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà kan wà tí lẹ́tà kan tẹ̀ lé, bíi 91H tàbí 106R. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé. 91 túmọ̀ sí 615 kìlógíráàmù. 106 túmọ̀ sí 950. Táyà bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù sábà máa ń ní lẹ́tà C lẹ́yìn nọ́ńbà ríìmù, bíi 195R14C, ti Amẹ́ríkà sì máa ń ní LT.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀sì òfìfo wúwo tó 1,800 kìlógíráàmù. Èèyàn 14 wọlé, ká fi 70 sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 980 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 2,780. Tó bá jẹ́ táyà 91 mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀, 2,460 ni gbogbo wọn lè gbé. Ó ti kọjá agbára wọn kí béèlì kan tó wọlé! Ẹ wá ka béèlì 6 tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 55 kìlógíráàmù mọ́ ọn, ó di 3,110. Táyà 106 mẹ́rin lè gbé 3,800, ó tó o gbé, tí atẹ́gùn inú wọn bá pé. Ẹrù náà kì í sì í pín dọ́gba. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kó béèlì sí, torí náà táyà ẹ̀yìn méjì ló ń jẹ ìyà jù. Dẹ́rẹ́bà á ní, “Màmá, ẹ wọlé, ó ti gbé jù báyìí lọ rí.” Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ibi tó ti ń gbé jù báyìí lọ náà ni táyà yẹn ti ń kú díẹ̀díẹ̀.

“Oòrùn mú, ẹ dín atẹ́gùn kù”

Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní àwọn nǹkan kan wà tí a gbà gbọ́ tí kì í ṣe òótọ́. Tí oòrùn bá ti mú, àwọn kan máa ń ní kí fọ́kànáísà dín atẹ́gùn táyà kù kó má bàa bẹ́. Ó dà bí ọgbọ́n, torí atẹ́gùn tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń fẹ̀: ooru tó bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 5 tàbí 6 lọ sókè máa ń fi nǹkan bíi psi 1 kún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe táyà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fàyè ìyẹn sílẹ̀. Tí ẹ bá dín in kù, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ jù, ooru inú ẹ̀ á wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ ń sá fún ni ẹ fọwọ́ ara yín pè wálé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá dúró níléepo lójú ọ̀nà Ṣàgámù, tó fi géèjì wò ó, tó rí i pé ó ti kọjá iye tó fi sí i láàárọ̀, tó wá ń tú u dànù. Kó fi sílẹ̀. Àárọ̀ kí mọ́tò tó rìn ni ìgbà tó yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán.

Iye wo wá ni kí ẹ fi sí i? Kì í ṣe iye tó wà lára táyà. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà náà lè gbà. Iye tó yẹ mọ́tò yín wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, tàbí nínú ìdérí táǹkì epo lára àwọn mọ́tò kan. Ó sábà máa ń kọ méjì: ti ìgbà tí mọ́tò fúyẹ́ àti ti ìgbà tó gbé ẹrù kún. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ti ẹrù kíkún ni tiyín.

Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ gbá a mọ́, ẹ má fi irin lù ú. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 38 àti 28 fún un, kódà fọ́kànáísà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ojú géèjì ara ẹ̀rọ wọn náà máa ń ti fọ́, ọ̀pá inú ẹ̀ á ti dúró sójú kan. Ẹ ra géèjì tiyín. Kò tóbi ju bírò lọ, owó ẹ̀ ò sì tó ti táyà kan rárá.

Iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù

Àwọn tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà máa ń ní iná yẹ́lò kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó dà bí ìkòkò tí orí ẹ̀ ṣí, àmì ìyanu sì wà láàárín ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ atẹ́gùn táyà ni.

Bó ṣe débẹ̀ ní ìtàn. Lọ́dún 2000, iléeṣẹ́ Firestone ní kí àwọn èèyàn dá táyà tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ padà, torí ojú táyà náà ń ṣí kúrò lórí eré, pàápàá lára jíìpù Ford Explorer. Èèyàn tó lé ní 200 ló ti bá irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tuntun lórí táyà, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2007, ó di dandan kí gbogbo mọ́tò kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ yìí. Yúróòpù ṣe tiwọn fún gbogbo mọ́tò kékeré tuntun lọ́dún 2014. Lọ́dún 2024, wọ́n fi lọ́rì àti bọ́ọ̀sì tuntun kún un.

Ẹ̀rọ náà pé oríṣi méjì. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tó ní bátìrì nínú táyà kọ̀ọ̀kan, tó ń wọn atẹ́gùn gan-an. Ìkejì kì í wọn atẹ́gùn, ó kàn ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan ń yí yára ju ìyókù lọ, torí táyà tó rọ̀ máa ń kéré díẹ̀. Tí iná náà bá tàn tí kò kú, atẹ́gùn ti lọ sílẹ̀. Tó bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná mọ́tò, kó tó wá dúró, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló bàjẹ́. Lọ́dọ̀ wa, fọ́kànáísà ló sábà máa ń fi irin ṣẹ́ ẹ nígbà tó bá ń tú táyà. Tí mọ́tò yín bá ní in, ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí iná náà tàn tí atẹ́gùn bá ti fi ìdá mẹ́rin kan dín. Bí 36 ló yẹ kó wà, ó lè dúró di 27 kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dúró de iná yìí, tó ní òun ò nílò géèjì, ti pẹ́ jù.

Àwọn ọlọ́kọ̀-ilé Amẹ́ríkà kò ní àǹfààní yìí látilẹ̀, torí mọ́tò tí kò ju 4,536 kìlógíráàmù lọ ni òfin yẹn mú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ra tiwọn: ìdérí kékeré tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu táyà tí wọ́n ti ń pọ́ńpù ẹ̀, táyà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ojú kékeré kan sì wà níwájú dẹ́rẹ́bà tó ń fi atẹ́gùn àti ooru táyà hàn bí mọ́tò ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì akérò l'Ékòó náà lè lò ó. Kò nílò mẹkáníìkì. Nǹkan méjì péré ni kó mójú tó: ẹnu táyà onírọ́bà kì í fẹ́ràn kí nǹkan wúwo lórí òun, onírin ló dáa fún un. Èkejì, ẹ mọ Èkó. Ẹ ra èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á ti bá yín ṣí i kí ẹ tó ra pọ́fúpọ́fù tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ní mọ́tò

Èrò lẹ jẹ́, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ẹ fi géèjì wọn táyà bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń di béèlì yín mórí ọkọ̀, ẹ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá rí wáyà tó ti yọ, ẹ má wọ̀ ọ́. Tí kókó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bí ìgbà tí oówo bá sọ èèyàn, wáyà inú ẹ̀ ló ti já, atẹ́gùn ló ń ti rọ́bà síta, ẹ má wọ ìyẹn náà. Tí ojú táyà bá dán bí orí apárí, ẹ wò ó bóyá òjò ti ṣú, torí omi ò ní ríbi gbà lábẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀sì á kàn máa yọ̀ lórí omi ni. Tí táyà ẹ̀yìn bá sì ti tẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹrù kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kó lọ pọ́ńpù ẹ̀. Ìyẹn ò ní kó bínú, fọ́kànáísà kì í jìnnà sí ọjà.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, tí táyà bá bẹ́ lórí eré, ohun tí ara máa sọ fún yín ni pé kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti ń gbókìtì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú gírígírí kó dojú kọ iwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí eré náà rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí àwọn èrò bọ́ọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Kí wọ́n má dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì máa wo bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà.

Nọ́ńbà FRSC tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 122. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún pàjáwìrì ni 767 tàbí 112. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín kí Túsìdeè tó ń bọ̀ tó dé.